Ìgò Tí Kò Hó

Ní láàbù ilé ìwòsàn ńlá kan, obìnrin kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Onígò. Kì í ṣe pé ó ń ta ìgò o. Fífọ̀ ló ń fọ̀ wọ́n. Ìgò, àwo pẹlẹbẹ, ọ̀pá onígíláàsì, gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ bá ti fi ṣiṣẹ́ tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń bọ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi dúró níwájú sínkì kan náà, lábẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ògiri, ó sì lè fi ọwọ́ lásán mọ ìgò tí wọ́n fọ̀ dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kàn fi omi ṣe ojú ayé fún. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò tí kò mọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní bá a jà. Yóò kàn gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ní, "Èyí ò tíì wẹ̀." Gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín, òun a sì tún un fọ̀.

Ẹni tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni ọkùnrin tí wọ́n sọ ní Ọ̀gá Kékeré. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn ló wọ láàbù náà wá kọ́ṣẹ́, àwo mẹ́ta ló sì fọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá Onígò ló gbá àfọ́kù rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i, òun náà ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ìdérí àwo díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìdọ̀tí inú afẹ́fẹ́ má baà já sí i. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, òun ló lọ bá wọn fọ aṣọ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Ní báyìí, ọwọ́ Ọ̀gá Kékeré ni kọ́kọ́rọ́ fíríìjì wà, òun ló ń wọn oògùn, òun ló ń rọ ọ́ sínú ìgò. Síbẹ̀ Màmá ló ń pe obìnrin náà, kò sì jọ ti ẹnu lásán. Mo ní kò jọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa bọ̀.

Káfíńtà ni ọkọ Ìyá Onígò, orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń pè é ládùúgbò. Orí òrùlé ló ti já bọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn, egungun ojúgun rẹ̀ kán, wọ́n fi irin dè é. Egungun so pọ̀, ṣùgbọ́n egbò tó wà lórí rẹ̀ kọ̀, kò jinná. Kòkòrò àrùn kan ti bá irin náà dó síbẹ̀, kò sì sí oògùn apakòkòrò tí wọn kò tíì lò fún un: oníhóró, olómi, èyí tí wọ́n ń fà sínú iṣan. Ńṣe ni kòkòrò náà ń wò wọ́n níran, tó sì ń bí sí i. Káfíńtà a máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ọmọ ọdún méjì ni egbò òun, ó kù kó máa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ abẹ tẹ ẹsẹ̀ náà wò, tó ní òun fún un ní oṣù méjì sí i, pé bí egbò náà kò bá panu dé òun yóò gé e lábẹ́ orúnkún, kò rí ẹ̀rín rín. Nígbà tí wọ́n délé, ó wo àkàbà rẹ̀ tó fara ti ògiri, ó ní kí ìyàwó òun wá ẹni tí yóò gbé e lọ.

Oṣù yẹn gan-an ni ìwádìí tuntun bẹ̀rẹ̀ ní láàbù. Ẹ̀dá kan wà tó kéré ju kòkòrò àrùn lọ lọ́nà tí ojú kò lè gbé. Iṣẹ́ tirẹ̀ láyé kò ju kó wọ inú kòkòrò àrùn lọ, kó bímọ síbẹ̀ rẹpẹtẹ, kó sì bẹ́ ẹ láti inú. Kì í pa ènìyàn lára. Kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan gbogbo kòkòrò. Oríṣiríṣi ni wọ́n, oníkálukú ló sì ní irú èyí tó ń bá jà. Àwọn onímọ̀ ní orúkọ gígùn fún un, àmọ́ ajẹkòkòrò ni wọ́n ń pè é nídìí sínkì. Ibi tí kòkòrò àrùn bá pọ̀ sí ni wọ́n ti ń wá a, nítorí náà omi gọ́tà ni wọ́n ń bù wá sí láàbù nínú ike. Ìyá Onígò ní gbogbo ayé òun ni òun fi ń gbá omi gọ́tà jáde nínú ilé, àṣé oògùn ni òun ń gbá dànù.

Wọ́n gba ọyún lójú egbò àwọn aláìsàn tó gbà láti kópa, wọ́n sì fún oníkálukú ní nọ́ńbà. Káfíńtà ni nọ́ńbà kẹrìnlá. Wọ́n gbin kòkòrò rẹ̀ sójú àwo, ó hù, ó sì bo ojú àwo náà pátápátá. Lẹ́yìn náà wọ́n kán omi gọ́tà tí wọ́n ti sẹ́ dáadáa sí i. Ní ọjọ́ kejì, ibi tí ẹ̀kán omi náà bọ́ sí ti mọ́ gaara, ó dá ihò róbótó kan síbẹ̀. Ajẹkòkòrò ti jẹ ibẹ̀ tán. Ọ̀gá Kékeré gbé àwo náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó pe Màmá rẹ̀ wá wò ó, Ìyá Onígò sì wò ó títí ojú rẹ̀ fi ń ṣomi.

Èyí tó wá dùn mọ́ ọn jù ni pé kòkòrò nọ́ńbà kẹrìnlá yìí rọrùn láti sìn ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Òun ni wọ́n yàn láti máa fi bọ́ ajẹkòkòrò. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bí oògùn tí wọ́n fẹ́ fún gbogbo àwọn tí kòkòrò wọn bá jọ tirẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà sára ìgò ńlá tó wà nínú fíríìjì. Ìyá Onígò ń fi í yangàn nílé. Ó ní gbogbo wọọ́dù ló ń jẹ lára ọkọ òun. Lójú tirẹ̀, oògùn tí wọ́n fi kòkòrò ọkọ rẹ̀ sìn, ọkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kàn. Ta ni kò ní rò bẹ́ẹ̀?

Síbẹ̀, obìnrin náà kì í ṣe ẹni tó ń fi ojú inú wo nǹkan nígbà tí ẹnu wà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pín oògùn náà fún àwọn aláìsàn nínú ìgò kékeré, ó lọ bá Ọ̀gá Kékeré nídìí fíríìjì, ó fi ìka kan ìgò ńlá náà.

"Ṣé inú èyí lo ti bù ú?"

"Ibẹ̀ ni, Màmá. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wọ̀n ọ́n."

Ó gba ìgò kékeré náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́, ó fi aṣọ tútù wé e, ó sì gbé e lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin.

Láti ọjọ́ náà, láàárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́ àti nírọ̀lẹ́ nígbà tó bá dé, Ìyá Onígò a kúnlẹ̀ síwájú àga Káfíńtà. A tú báńdéèjì, a nu ojú egbò, a sì kán oògùn náà sí i ní ẹ̀kán méjìlá. Ó ń kà á jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ka ọmọ wọlé. Káfíńtà a gbé ojú sókè sí àjà. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í bóyá ó mọ nǹkan kan lára, yóò ní ó dà bí ẹni pé ó fúyẹ́ díẹ̀. Ìyá Onígò a tún ẹsẹ̀ náà dì, a sì fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìròyìn ayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Awakọ̀ kan tí egbò ìdí kò jẹ́ kó jókòó láti ọdún tó kọjá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí láàbù, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aránṣọ kan tó kúrò ní wọọ́dù kejì ti ń gbọ́ oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n egbò Káfíńtà kò yí padà. Òórùn rẹ̀ tilẹ̀ le sí i. Ìyá Onígò wá inú ara rẹ̀, ó wá ìdí rẹ̀, ó sì rí i níbi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti máa ń rí i, ìyẹn lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì iná lọ fún odidi ọjọ́ kan, òun sì wà níbi iṣẹ́. Fíríìjì ilé gbóná. Ooru ti pa ajẹkòkòrò inú ìgò, òun sì ń kán òkú wọn sí ọkọ òun lẹ́sẹ̀.

Ó sọ fún Káfíńtà, ó sì ń sunkún. Káfíńtà ní kó má da ara rẹ̀ láàmú. Ní ọjọ́ kejì ó lọ bá Ọ̀gá Kékeré, ó jẹ́wọ́ fún un bí ẹni jẹ́wọ́ olè, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sínú sínkì. Ó ní òun tí òun ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan ni òun ba oògùn ọkọ òun jẹ́. Ọ̀gá Kékeré na aṣọ ìnura sí i.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, Màmá," ó ní. "Ẹ ṣáà túbọ̀ máa tọ́jú ẹ̀."

Ìyá Onígò sì túbọ̀ tọ́jú rẹ̀. Ó ra fúláàsì, ó ń wá yìnyín kiri ojoojúmọ́, ó ń gbé ìgò náà lọ síbi iṣẹ́ ó tún ń gbé e bọ̀. Ó rù. Àwọn ará láàbù ń ki í pé ó kú ìtọ́jú, Ọ̀gá Kékeré náà sì ń bá wọn ki í.

Gbogbo ìgò kékeré tí oògùn bá ti tán nínú wọn ló ń padà sí sínkì rẹ̀. Kó tó fi ọṣẹ kan ìgò, ó máa ń kọ́kọ́ da omi lásán sí i, yóò dé e, yóò sì mì í. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló kíyè sí i. Ìgò awakọ̀ yẹn hó. Ti aránṣọ náà hó. Ìfófó kékeré ni, ó ń dúró díẹ̀ lọ́rùn ìgò kó tó rọlẹ̀, nítorí ara kòkòrò tí ajẹkòkòrò bẹ́ kì í tán nínú oògùn náà bó ti wù kí wọ́n sẹ́ ẹ tó. Wọ́n lè mú kí omi méjì jọra lójú, kí wọ́n jọra nímú, ṣùgbọ́n wọn kò rántí ẹni tó ń fọ ìgò. Èyí tí Ìyá Onígò gbé ti ilé wá kò hó. Ó mì í lẹ́ẹ̀kejì, ó mì í lẹ́ẹ̀kẹta. Omi lásán ni, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó dúró tì í, ó ń rò ó. Bí ooru bá pa ajẹkòkòrò, òkú wọn ṣì wà nínú ìgò. Oògùn tó bàjẹ́ ṣì yẹ kó hó. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó mú àwo kan nínú èyí tí wọ́n ti gbin kòkòrò nọ́ńbà kẹrìnlá sí, ó fi bírò fa ìlà sí ìdí rẹ̀ láàárín. Ní apá ọ̀tún, ó kán ìṣẹ́kù ìgò ńlá tí wọ́n gbé wá fún fífọ̀ sí i. Ní apá òsì, ó kán oògùn ọkọ rẹ̀, láti inú ìgò tuntun tí kò tíì ṣí. Ó ṣí ìdérí náà díẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ kan, bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣí i. Lẹ́yìn náà ó gbé àwo náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń móoru, ó sì lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, apá ọ̀tún ti dá ihò, ó mọ́ gaara. Apá òsì kún fọ́fọ́, kò sí àpá kankan níbẹ̀. Ìyá Onígò da ojú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan dé, ó jókòó lé e. 

Nígbà tí Ọ̀gá Kékeré dé, ó kàn gbé àwo náà lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà kò béèrè pé kí ni. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣẹ́ ìbò, pé ìdajì àwọn aláìsàn gba oògùn, ìdajì gba omi iyọ̀, nítorí láìṣe bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ìbò Káfíńtà bọ́ sí omi iyọ̀. Òun nìkan tó ń rọ oògùn ló mọ̀, wọ́n sì ti mú un búra. Bí òun bá sọ ọ́, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ti bàjẹ́.

Gbogbo èyí lè jẹ́ òótọ́. Èmi kò bá ìbò jà. Kí àwọn tó mọ̀wé máa jiyàn rẹ̀. Ẹnu tó búra pé òun kò ní sọ̀rọ̀ lè dákẹ́. Ó lè ní kí wọ́n lọ bi dókítà àgbà tó ń darí ìwádìí náà. Ìyá Onígò kò tilẹ̀ bá a fa ọ̀rọ̀ ìbò. Ohun kan ṣoṣo ló bi í.

"Ọjọ́ tí mo wá bá ẹ sunkún nítorí fíríìjì ńkọ́?"

Ọ̀gá Kékeré gbé àwo náà kalẹ̀ sórí tábìlì.

"O mọ̀ pé omi ni. O sì jẹ́ kí n gbà pé èmi ni mo bà á jẹ́."

"Màmá, mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ."

Ìyá Onígò ṣí ilẹ̀kùn náà, ó sì jáde. Láti ọjọ́ náà, ẹ ni ó ń lò fún Ọ̀gá Kékeré. Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ẹ ṣé, ọ̀gá. Ọkùnrin náà ì bá fẹ́ kó gbá òun létí ju ìyẹn lọ.

Ìyá Onígò lọ bá dókítà àgbà lọ́jọ́ náà gan-an. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni dókítà náà, kò sì bínú. Ó ní Káfíńtà lè kúrò nínú ìwádìí náà lójú ẹsẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n láti fún ẹni tí kò sí nínú ìwádìí ní ajẹkòkòrò, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ìgbìmọ̀ kò sì ní jókòó títí di ọjọ́ kẹwàá. Ó ní òun yóò kọ lẹ́tà náà, ó sì kọ ọ́. Ẹsẹ̀ kò mọ ọjọ́ ìpàdé. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ibà gbé Káfíńtà dè, itan rẹ̀ pọ́n, ó wú, oníṣẹ́ abẹ sì ní òun kò lè fi ẹ̀mí ènìyàn dúró de bébà. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Lẹ́tà àṣẹ ìgbìmọ̀ dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti fi òǹtẹ̀ lù ú dáadáa.

Títí di àkókò yẹn, Ìyá Onígò kò tíì sọ ohun tó rí lójú àwo fún ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé ọkàn rẹ̀ yóò gbọgbẹ́, pé yóò máa rò ó lórí ibùsùn pé oògùn tí wọ́n fi ara òun sìn ló wo ẹlòmíràn sàn. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ nínú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí ibà ti lọ, tí Káfíńtà sì ti lè jókòó kó jẹun, ó fa àga sún mọ́ ọn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìfófó, àwo, ìbò, omi iyọ̀. Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ojú rẹ̀ kí ó lè dá dúró bí ó bá rí i pé ó fẹ́ pọ̀ jù fún un.

Ojú Káfíńtà kò yí padà. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀ sínú abọ́.

"Wọ́n kà á fún mi kí n tó tọwọ́ bọ̀wé," ó ní.

"Kí ni wọ́n kà?"

"Pé ó lè jẹ́ oògùn, ó sì lè jẹ́ omi iyọ̀. Ọ̀gá Kékeré ló kà á. Ó ní kí n má sọ fún ẹ, pé ọwọ́ ẹ mọ iṣẹ́ yẹn jù, wàá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì yọ orúkọ mi. Mo ní ká fi ìdajì yẹn gbìyànjú."

Ìyá Onígò wò ó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń wo ojú yẹn.

"Ẹ gbọ́ nígbà tí mò ń sunkún nítorí fíríìjì."

"Mo gbọ́. Mi ò mọ̀ dájú pé omi ni, ìyàwó mi. Mo rò pé á kọjá."

"Ẹ gbọ́ nígbà tí mò ń wá yìnyín kiri."

Káfíńtà yí ojú sí fèrèsé. Ó ní òun fẹ́ kó nírètí ni. Ó ní bó ṣe ń ka ẹ̀kán méjìlá yẹn, ó ń dùn mọ́ òun létí, òun kò fẹ́ kó dáwọ́ dúró.

Ó dun Ìyá Onígò ju ti Ọ̀gá Kékeré lọ, ó dùn ún wọ egungun. Àwọn méjì tó fi ọkàn tán jù láyé ti jókòó sórí ọ̀rọ̀ kan, wọ́n ti fi ẹnu kò, wọ́n sì fi òun sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó máa kán omi iyọ̀, kó máa gbé ẹ̀bi. Kò sì lè sọ pé ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ló ṣẹ òun, nítorí ta ni yóò gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀? Ó gbé abọ́ oúnjẹ kúrò níwájú ọkọ rẹ̀, ó nu tábìlì kékeré náà mọ́, ó sì jókòó padà, ọwọ́ rẹ̀ lórí itan.

Nọ́ọ̀sì wọlé, ó gbé báńdéèjì àti omi ìfọgbò lọ́wọ́. Ó ní wọn yóò dá Káfíńtà sílẹ̀ lọ́la, ó sì yẹ kí ẹnì kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ ibi tí wọ́n gé náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó yíjú sí Ìyá Onígò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Màmá, ẹ sún mọ́ ibí kí n fi hàn yín."

Ìyá Onígò dìde. Ó mú àpò rẹ̀ lórí àga, ó gbé e kọ́ èjìká, ó sì fi ẹnu júwe ọkọ rẹ̀.

"Àwọn bàbá ni kí ẹ kọ́, nọ́ọ̀sì," ó ní. "Ọwọ́ wọn méjèèjì ṣì wà níbẹ̀."